Ìwé, Àtọwọ́dọ́wọ́ àti Òkúta: Irú Ẹ̀rí tí Ìwalẹ̀pìtàn Lè Jẹ́ fún Ìgbàgbọ́ Kristẹni



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí a bá tan rédíò ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kì í pẹ́ kí a tó gbọ́ oníwàásù kan tí yóò wí pé àwọn onímọ̀ ti wa ilẹ̀, wọ́n sì ti rí i pé òtítọ́ ni Bíbélì. Bí a bá sì wọ ilé ìkàwé yunifásítì ní ọjọ́ kejì rẹ̀, a lè bá ọ̀dọ́ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé kan tán, tí ó ń sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn onímọ̀ ti wa ilẹ̀, wọ́n sì ti rí i pé irọ́ ni Bíbélì. Ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí. Èrò mi ni pé ìbéèrè tí ilẹ̀ kò lè dáhùn ni wọ́n jọ ń bi ilẹ̀, tí wọ́n sì gbójú fo èyí tí ó lè dáhùn dá.

Ilẹ̀ lè sọ fún wa bóyá ẹni tí ó kọ ìtàn kan mọ ibi tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, bóyá ó sì mọ ìgbà tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò lè sọ fún wa bóyá Ọlọ́run ṣe ohun tí òǹkọ̀wé náà ní Ó ṣe. Èyí àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun kékeré rárá, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi í ṣe èkejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí èké, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọlọ́run ni ó rò pé òun ń jẹ́rìí fún. Èmi fúnra mi jẹ́ onígbàgbọ́, iṣẹ́ ìtàn sì ni mo ń ṣe. N kò rò pé ó yẹ kí n fi ọ̀kan pamọ́ nígbà tí mo bá ń ṣe èkejì. Nítorí náà, n ó dé ibi tí ẹ̀rí bá ìgbàgbọ́ mu, n ó sì dé ibi tí kò bá a mu.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú èdè wa

Kí a tó kọjá sí Jerúsálẹ́mù, ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta wò nínú èdè tiwa, nítorí pé èdè náà ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ wa sílẹ̀ dè wá. Ọ̀rọ̀ kìíní ni ìgbàgbọ́. Gbà àti gbọ́ ni a so pọ̀ di ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó ní ìgbàgbọ́ ni ẹni tí ó gbọ́ ohun kan lẹ́nu ẹlòmíràn, tí ó sì gbà á. Kò sí rírí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ka ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù yóò rí i pé gbígbọ́ náà ni àpọ́sítélì yìí fi ṣe orísun ìgbàgbọ́, ó sì jọ mí lójú pé nínú ọ̀rọ̀ tiwa, orísun náà kò kúrò nínú orúkọ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni àtọwọ́dọ́wọ́, èyíinì ni ohun tí ó ti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó ṣòro láti rí ọ̀rọ̀ tí ó bá ti Gíríìkì àti ti Látìn mu tó èyí, nítorí pé paradosis tí àwọn Gíríìkì ń wí àti traditio tí àwọn ará Róòmù ń wí, fífi nǹkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni àwọn méjèèjì. Nínú ìwé kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kẹẹ̀ẹ́dógún, Pọ́ọ̀lù sọ fún wọn pé ohun tí òun náà gbà ni òun fi lé wọn lọ́wọ́: pé Kristi kú, pé a sin ín, pé ó jíǹde ní ọjọ́ kẹta, pé ó sì fara han Kéfà àti àwọn yòókù. Láàárín ọdún 53 sí 55 ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fi ìwé yìí sí, ṣáájú kí a tó kọ èyíkéyìí nínú àwọn ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí fi hàn pé ọwọ́ ti ń gbà lọ́wọ́ ọwọ́ kí ìwé tó délẹ̀. Bí àwọn Àgùdà àti àwọn ìjọ yòókù bá ń jiyàn lórí èwo ni ó tóbi jù, ìwé tàbí àtọwọ́dọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ní ogún ọdún àkọ́kọ́, kò sí ìwé tí a óò fi jiyàn.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ẹ̀rí. Nílé ẹjọ́, ẹlẹ́rìí ní ààlà. Ẹni tí ó rí ọkùnrin kan tí ó jáde ní ilé ní òru lè jẹ́rìí pé ó jáde. Bí adájọ́ bá bi í léèrè ohun tí ó wà lọ́kàn ọkùnrin náà, kí ó sọ pé òun kò mọ̀ ni ó yẹ ẹ́. Àwọn àgbà wa a máa pa á lówe pé ìròyìn kò tó àfojúbà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé àfojúbà ni iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Awalẹ̀pìtàn kò bá ọ̀rọ̀ lójú ayé. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni ó bá, àpáàdì, eérú, egungun àti ògiri tí ó wó, òun náà sì ní láti ròyìn wọn fún wa.

Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí tí yóò mú ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Ilé-Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni obìnrin kan, Lúwo, ni ó pàṣẹ kí a fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú. Àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti rí ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ifẹ̀, tí a tò ó dáadáa bí ẹní. Ẹ̀rí ńlá ni èyí pé àwọn tí ó ń pa ìtàn náà kò sọ àlá. Ṣùgbọ́n kò sí àpáàdì kan nínú wọn tí a kọ orúkọ Lúwo sí. Ilẹ̀ sọ pé a tẹ́ ẹ. Ẹnu àwọn àgbà ni a ti gbọ́ ẹni tí ó ní kí a tẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí a mú òye yìí dání lọ sí Jerúsálẹ́mù.

Adágún tí ó ní ìloro márùn-ún

Nínú orí karùn-ún ìwé Jòhánù, a kà nípa adágún kan tí ó wà lẹ́bàá bodè àgùntàn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bẹtẹ́sídà, tí ó ní ìloro márùn-ún. Níbẹ̀ ni Jésù ti wo ọkùnrin kan sàn tí ó ti ń ṣàìsàn fún ọdún 38. Ìloro márùn-ún yìí ti fa ọ̀rọ̀ púpọ̀. Adágún tí ó ní igun mẹ́rin, ìloro mẹ́rin ni ojú ń retí. Kí ni ti ìkarùn-ún? Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, túmọ̀ ìloro márààrún sí ìwé Mósè márààrún: Òfin tí ó fi àìsàn ènìyàn hàn ṣùgbọ́n tí kò lè wò ó. Ìtumọ̀ tí ó dára fún ìwàásù ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Yúróòpù yí ọ̀rọ̀ náà po. Wọ́n ní bí ìloro márùn-ún bá jẹ́ àmì Òfin, a jẹ́ pé òǹkọ̀wé ni ó dá a sílẹ̀, kò sí adágún bẹ́ẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù. Ní àkókò yìí kan náà ni F. C. Baur ti Tübingen ní Jámánì, tí ó ní ọmọ-ẹ̀yìn púpọ̀, gbé ìwé Jòhánù sí ìdajì kejì ọ̀rúndún kejì, ìgbà tí ẹni tí ó mọ Jerúsálẹ́mù ṣáájú ìparun rẹ̀ ní ọdún 70 kò lè sí láàyè mọ́.

Ní ọdún 1856, lẹ́yìn ogun Crimea, Súlítáànì ilẹ̀ Tọ́kì fi ilé ìjọsìn àtijọ́ kan tí ń jẹ́ ti Ánnà Mímọ́ ta ilẹ̀ Faransé lọ́rẹ. Apá àríwá ibi tí Tẹ́ńpìlì wà tẹ́lẹ̀ ni ilé yìí wà. Ní ọdún 1888, Conrad Schick ròyìn pé òun rí adágún àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A wa ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí ó sì gbòòrò jù lọ ni èyí tí a ṣe lẹ́yìn ọdún 1956. Kì í ṣe adágún kan ni ó wà níbẹ̀. Adágún ńlá méjì ni, wọ́n jìn, ọ̀kan ní àríwá, ọ̀kan ní gúúsù, ògiri fífẹ̀ kan sì là wọ́n láàárín. Bí a bá kọ́ ìloro sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí a sì kọ́ ọ̀kan sórí ògiri àárín, márùn-ún ni yóò jẹ́.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn pariwo ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí ó ṣẹ́kù nínú àwọn òpó níbẹ̀ kò pọ̀, ilé tí àwọn ènìyàn ìgbà mìíràn kọ́ lé ibẹ̀ sì ti da ọ̀pọ̀ nǹkan rú. Kò sí ẹni tí ó lè dúró síbẹ̀ lónìí kí ó sì ka ìloro márùn-ún. Adágún méjì àti ògiri ni ilẹ̀ fi hàn wá. Ẹlẹ́rìí kejì ni ó sọ ìyókù, àtọwọ́dọ́wọ́ sì ni ẹlẹ́rìí náà. Arìnrìn-àjò kan láti Bordeaux tí ó dé Jerúsálẹ́mù ní ọdún 333 kọ ọ́ sílẹ̀ pé adágún ìbejì kan wà nínú ìlú tí ó ní ìloro márùn-ún. Ní nǹkan bí ìdajì ọ̀rúndún kẹrin, Cyril tí ó di bíṣọ́ọ̀bù Jerúsálẹ́mù wàásù lórí ọkùnrin arọ yìí, ó sì ṣàlàyé fún àwọn ará ìlú rẹ̀ pé ìloro mẹ́rin ni ó yí adágún náà ká, tí ìkarùn-ún sì wà ní àárín. Fún bí ẹgbẹ̀jọ ọdún ó dín díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Cyril wà nínú ìwé, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè kà á, kí Schick tó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Àwọn tí ó ní kò sí adágún bẹ́ẹ̀ kò bi àtọwọ́dọ́wọ́ léèrè. Ó dùn mí pé irú àìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò tíì tán láàárín àwa ọ̀mọ̀wé, nínú ìtàn ilẹ̀ wa pẹ̀lú.

Kí ni a wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀? Pé ẹni tí ó kọ ìwé Jòhánù, tàbí ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mọ Jerúsálẹ́mù bí ó ti rí kí àwọn ará Róòmù tó pa á run. Ní ọdún 2004, nígbà tí a ń tún ọ̀pá omi ẹ̀gbin ṣe ní ìsàlẹ̀ ìlú kan náà, a tún kan àtẹ̀gùn òkúta adágún Sílóámù, èyí tí orí kẹsàn-án ìwé Jòhánù sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwé tí a ní kò mọ ìlú ti wá di ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí a fi ń mọ ìlú náà.

Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ arọ náà dìde? Ilẹ̀ dákẹ́. Kódà, ìwé fúnra rẹ̀ kò dákẹ́ lójú kan lórí ọ̀ràn yìí. Ẹsẹ kẹrin nínú orí náà, tí ó sọ pé áńgẹ́lì a máa sọ̀kalẹ̀ wá rú omi, wà nínú Bíbélì Yorùbá tí a tọ́ ọ̀pọ̀ wa dàgbà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nínú àwọn ẹ̀dà Gíríìkì tí ó dàgbà jù lọ. Ó jọ pé ẹnì kan tí ó mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa omi náà ni ó fi í sí etí ìwé láti ṣàlàyé, tí adàwékọ mìíràn sì gbé e wọ inú ìwé. A tún rí i pé àwọn tí kì í ṣe Kristẹni náà wá ìwòsàn níbẹ̀ lẹ́yìn náà: ní ọdún 1866 a rí ẹsẹ̀ mábù kan tí obìnrin ará Róòmù kan, Pompeia Lucilia, fi ṣe ọrẹ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń tọ odò lọ fún ìwòsàn nílẹ̀ wa, lábẹ́ ẹ̀sìn kan tàbí òmíràn, kò ní kà á sí ohun ìyanu pé omi kan náà ní ju olùjọsìn kan lọ.

N ó sáré kọjá lórí ẹ̀rí méjì mìíràn tí ó jẹ́ irú èyí. Ní ọdún 1961, ní Késáríà létí òkun, a rí òkúta kan tí a ti tún lò nínú àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn eré, orúkọ Pílátù sì wà lára rẹ̀ ní èdè Látìn pẹ̀lú oyè rẹ̀ ní Jùdíà. Ó tilẹ̀ tún ọ̀rọ̀ Tacitus, òpìtàn Róòmù, ṣe, nítorí pé procurator ni Tacitus pè é, ṣùgbọ́n praefectus ni òkúta pè é. Ní Delphi ní ilẹ̀ Gíríìsì, lẹ́tà Késárì Claudius tí a gbẹ́ sára òkúta dárúkọ Gálíò, gómìnà tí a mú Pọ́ọ̀lù lọ síwájú rẹ̀ ní Kọ́ríńtì nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kejìdínlógún. Nípasẹ̀ lẹ́tà yìí ni a fi mọ̀ pé nǹkan bí ọdún 51 sí 52 ni Gálíò jókòó níbẹ̀, ọjọ́ yìí sì ni gbogbo ènìyàn fi ń ka ọdún ìrìn àjò Pọ́ọ̀lù, onígbàgbọ́ àti ẹni tí kò gbàgbọ́.

Òkúta tí ó wà lábẹ́ òkúta

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, èyíinì ni ibojì. Jòhánù sọ pé ibi tí a ti kan Jésù mọ́ àgbélébùú wà nítòsí ìlú, pé ọgbà kan wà níbẹ̀, àti ibojì tuntun nínú ọgbà náà. Ìwé sí àwọn Hébérù sọ pé lẹ́yìn bodè ni ó ti jìyà. Ẹni tí ó bá wá dé Jerúsálẹ́mù lónìí yóò bá Ìjọ Ibojì Mímọ́ nínú odi ìlú àtijọ́, láàárín ọjà àti ilé. Èyí da àwọn ènìyàn láàmú. Ní ọdún 1883, Ọ̀gágun Charles Gordon ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọ́ka sí òkè kan lẹ́yìn odi ní ìhà àríwá, tí ojú rẹ̀ jọ agbárí, ibojì kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì di èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí kì í ṣe Àgùdà ń bẹ̀ wò. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ tòrò, òdòdó wà níbẹ̀, kò sí èéfín tùràrí, kò sì sí ìjà àlùfáà lórí ẹni tí yóò gbá ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n odi tí a ń rí lónìí, ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni Súlítáànì Suleiman mọ ọ́n. Odi ìgbà ayé Jésù kò gba ibẹ̀. Hẹ́rọ́dù Àgírípà, tí ó jọba láti ọdún 41 sí 44, ni ó bẹ̀rẹ̀ odi kẹta tí ó kó àdúgbò náà mọ́ ìlú, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìkàn-mọ́-àgbélébùú. Kathleen Kenyon wa ilẹ̀ nítòsí ìjọ náà láàárín ọdún 1961 sí 1967; ibi ìwa-òkúta àtijọ́ ni ó bá, kò sí ilé ìgbà Jésù níbẹ̀. Virgilio Corbo, ẹni ìjọ Francis Mímọ́, bá irú rẹ̀ lábẹ́ ìjọ náà gan-an. Ibojì mìíràn tí a gbẹ́ sínú àpáta ní irú ọ̀nà tí àwọn Júù ń gbà gbẹ́ ẹ ní ọ̀rúndún kìíní sì wà nínú ìjọ náà títí di òní; àwọn Júù kì í sìnkú sínú ìlú, nítorí náà ẹ̀yìn odi ni ibẹ̀ wà nígbà náà. Ní ti ibojì inú ọgbà tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn, Gabriel Barkay fi hàn ní ọdún 1986 pé ìgbà àwọn ọba Júdà ni a gbẹ́ ẹ, ó ti pé ẹgbẹ̀ta ọdún ó lé kí a tó bí Jésù. Kò lè jẹ́ ibojì tuntun.

Níbí náà, àtọwọ́dọ́wọ́ ni ó jàre ojú. Melito, bíṣọ́ọ̀bù Sardis ní ọ̀rúndún kejì, ti sọ ọ́ nínú ìwàásù Àjíǹde pé àárín ìlú ni a ti pa Jésù, ọ̀rọ̀ tí ó lòdì sí ìwé Hébérù bí a bá kà á lóréfèé, ṣùgbọ́n tí ó bá ìlú mu bí ó ti rí ní ìgbà tirẹ̀, nígbà tí odi ti gba ibẹ̀ kọjá. Eusebius sọ pé lẹ́yìn tí àwọn ará Róòmù tún ìlú náà kọ́, wọ́n da ilẹ̀ bo ibojì náà, wọ́n sì kọ́ tẹ́ńpìlì Áfúródáìtì lé e. Ní nǹkan bí ọdún 325 sí 326, Késárì Constantine pàṣẹ kí a wó tẹ́ńpìlì náà, kí a sì kó ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dànù. Ẹ wò ó bí ẹni tí ń ṣèwádìí. Bí àwọn Kristẹni ìgbà náà bá fẹ́ dá ibi mímọ́ kan sílẹ̀ lásán, ẹ̀yìn ìlú ni wọn ì bá mú, níbi tí ìwé wọn sọ, tí ilẹ̀ sì ṣófo. Ibi tí ó ná wọn lówó jù, tí ó sì mú kí ìwé wọn jọ irọ́, ni wọ́n mú. Ohun tí ó lè fa èyí, lójú tèmi, ni pé wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó ṣáájú wọn pé ibẹ̀ ni.

Ní ọdún 1009, al-Hakim tí ó jẹ́ Kálífà ní Íjíbítì ní kí a fọ́ ibojì náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé kò sí ohun tí ó kù níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Athens ṣí mábù tí ó bo ibẹ̀. Wọ́n bá mábù mìíràn tí ó ti là lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bá ibùsùn òkúta tí a gbẹ́ lára àpáta. Nígbà tí wọ́n yẹ ohun tí a fi lẹ mábù ìsàlẹ̀ náà wò, nǹkan bí ọdún 345 ni ó bọ́ sí. Ìyẹn ni pé àpáta tí àwọn ènìyàn Constantine bò wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀rí wa dúró níbẹ̀. Mo ti gbọ́ kí a sọ pé ibojì náà ṣófo nígbà tí a ṣí i, àti pé èyí fi àjíǹde hàn. Ẹ má jẹ́ kí a sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ibojì àtijọ́ yòókù tí ó wà ní àyíká ibẹ̀ náà ṣófo. Ìṣófo kì í sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ka orí ogún ìwé Jòhánù, ẹ óò rí i pé Màríà Magdalénì rí ibojì tí ó ṣófo, ohun tí ó sì rò ni pé wọ́n ti gbé òkú lọ. Ó dúró, ó ń sunkún. Ìgbà tí ó gbọ́ tí a pe orúkọ rẹ̀ ni ó mọ̀. Òǹkọ̀wé tí ó mọ ìlú dáadáa tó bẹ́ẹ̀ kò fi òkúta ṣe ìdí ìgbàgbọ́ Màríà.

Odi Jẹ́ríkò

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ẹ óò lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú, èmi yóò sì ti tàn yín jẹ. John Garstang wa ilẹ̀ Jẹ́ríkò láàárín ọdún 1930 sí 1936. Ó rí odi méjì tí ó wó, ó sì sọ pé odi ìgbà Jọ́ṣúà ni, nǹkan bí ọdún 1400 ṣáájú ìbí Kristi. Ìròyìn náà kárí ayé, ó wọ inú ìwé ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó sì wà lẹ́nu oníwàásù títí di ìsinsìnyí. Kenyon, ẹni kan náà tí a ti dárúkọ lórí ọ̀rọ̀ ibojì, padà síbẹ̀ láàárín ọdún 1952 sí 1958 pẹ̀lú ọ̀nà ìwalẹ̀ tí ó péye ju ti ẹni ìṣáájú lọ. Ó rí i pé odi tí Garstang tọ́ka sí dàgbà ju bí ó ti rò lọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Ìlú tí ó wà níbẹ̀ lẹ́yìn náà jóná ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Kristi. Fún ọ̀rúndún kẹtàlá, tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fi Jọ́ṣúà sí, kò rí odi, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìlú.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti yanjú èyí. Wọ́n ní òjò ti gbá ìlú ìgbà Jọ́ṣúà lọ, Kenyon fúnra rẹ̀ sì gbà pé òjò gbá ilẹ̀ púpọ̀ lọ níbẹ̀. Ní ọdún 1990, Bryant Wood gbìyànjú láti dá ọjọ́ Garstang padà nípa ìkòkò amọ̀. Ṣùgbọ́n ọkà jíjó tí a fi ọ̀nà kábọ́ọ̀nù yẹ̀ wò, tí a tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1995, gbe ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ní ìdájọ́ tèmi, Kenyon ni ó ní ẹ̀rí. N kò sọ pé kò sí ohun kan nínú ìtàn àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tí ilẹ̀ bá mu: òkúta Fáráò Merneptah tí a rí ní ọdún 1896 dárúkọ Ísírẹ́lì ní nǹkan bí ọdún 1208 ṣáájú ìbí Kristi, òkúta Tel Dan tí a rí ní ọdún 1993 sì dárúkọ ilé Dáfídì. Ṣùgbọ́n Jẹ́ríkò kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni onígbàgbọ́ yóò ṣe? Ó lè sọ pé Jẹ́ríkò kò sí nínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ìjọ, òtítọ́ sì ni. Ènìyàn méjì péré ni ìjẹ́wọ́ náà dárúkọ yàtọ̀ sí Jésù, Màríà àti Pọ́ńtíù Pílátù; ìdí tí ó sì fi dárúkọ gómìnà tí kò ní ìtìjú ni láti de ìtàn náà mọ́ ọdún àti ìlú kan pàtó. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún gbá Jẹ́ríkò dànù bẹ́ẹ̀ lásán, nítorí pé ìwé sí àwọn Hébérù ka odi náà mọ́ iṣẹ́ ìgbàgbọ́. Ohun tí mo dì mú ni pé ìwé Jọ́ṣúà jẹ́ àtọwọ́dọ́wọ́ tí ó la ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kọjá kí a tó kọ ọ́ ní pípé, tí ìtàn àti ìyìn ti wọ inú ara wọn, gẹ́gẹ́ bí oríkì ìlú ti máa ń kó ogun mélòó kan jọ di ogun kan. Ẹni tí ó bá mọ oríkì kì í pè é ní irọ́. Kì í sì í lò ó bí ẹni ń lo ìwé àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́. Àárín nǹkan bí ogún ọdún ni ó wà láàárín ikú Jésù àti ìgbà tí Pọ́ọ̀lù kọ ohun tí ó gbà sílẹ̀ fún àwọn ará Kọ́ríńtì, ó sì mọ Kéfà lójúkojú. Ìtàn méjì yìí kò rìn ní ọ̀nà kan náà dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì yẹ kí a gbé ẹrù kan náà lé wọn lórí.

Ebi ẹ̀rí tí ó ń pa wá ni ó sọ wá di oníbàárà àwọn ayédèrú. Ní ọdún 2002, a gbé àpótí egungun kan jáde tí a kọ ọ́ sí lára pé ti Jákọ́bù ni, ọmọ Jósẹ́fù, arákùnrin Jésù. Ní ọdún 2003, ìgbìmọ̀ àjọ tí ń bójú tó ohun àtijọ́ ní Ísírẹ́lì sọ pé ayédèrú ni apá kan nínú ìkọ̀wé náà. Ẹjọ́ rẹ̀ parí ní ọdún 2012. Adájọ́ dá ẹni tí a fẹ̀sùn kàn sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn ayédèrú náà, ṣùgbọ́n ó sọ pé ìdásílẹ̀ náà kò túmọ̀ sí pé ìkọ̀wé náà jẹ́ ojúlówó. Ní ọdún 2020, ilé àkójọ ohun Bíbélì tí ó wà ní Washington ní Amẹ́ríkà kéde fúnra rẹ̀ pé àwọn àjákù 16 tí ó wà lọ́wọ́ òun gẹ́gẹ́ bí Ìwé Òkun Òkú, ayédèrú ni gbogbo wọn. Mo yin ìkéde náà. Owó ńlá ni a fi rà wọ́n, àwọn gan-an ni wọ́n sì san owó àyẹ̀wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa, àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà ní pàtàkì. Bí a bá fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé Jọ́ṣúà, kí a gbé Garstang àti Kenyon lé e lọ́wọ́ pọ̀, kí a jẹ́ kí ó wo àwòrán kòtò tí Kenyon gbẹ́, kí ó sì ka ọ̀rọ̀ Cyril lórí ìloro márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ọmọ tí a sọ fún ní ilé ẹ̀kọ́ girama pé a ti rí odi Jọ́ṣúà yóò dé yunifásítì ní ọjọ́ kan, yóò sì ṣí ìwé. Ó sàn kí ó ti gbọ́ orúkọ Kenyon lẹ́nu olùkọ́ Bíbélì rẹ̀ ju kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí yóò fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Alága, mo dá ọ̀rọ̀ dúró níbí kí àwọn ènìyàn lè béèrè ìbéèrè.